Omi Tí Ọlábísí Bù fún Augustine

Ní Ìpetumodù, ọmọbìnrin tí kò bá mọ ìkòkò mọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ṣẹ̀fẹ̀ títí yóò fi lọ sílé ọkọ. Ọlábísí mọ̀ ọ́n mọ ní tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ mọ ìkòkò, ìyá ìyá rẹ̀ mọ ìkòkò, òun náà ò sì tíì mọ eré mìíràn tó ti ń fi amọ̀ àti omi ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ kúkú mọ ayé, kì í jẹ́ kí èèyàn jókòó pẹ́ níbi tó mọ̀. Ọlọ́pàá ló fẹ́, Kọ́púrà Adéyanjú. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gba Port Harcourt lọ́wọ́ àwọn Biafra, wọ́n ní kí Adéyanjú lọ máa ṣọ́ ìlú níbẹ̀. Ọlábísí ní òun náà ń lọ.

"Lọ síbo?" Adéyanjú bi í. "Ṣé ìgbéyàwó ni wọ́n pè mí sí ni?"

"Ibi tí ẹ bá ń lọ náà ni. Àbí ẹ fẹ́ kí n jókòó ti ìyá yín, kí wọ́n máa wo ikùn mi láràárọ̀ bí ẹni ń wo ọbẹ̀ tó kọ̀ tí kò hó?"

Òótọ́ ni. Ọlábísí ò tíì bímọ, ìyá ọkọ rẹ̀ kì í sì í ṣe obìnrin tí ń dákẹ́. Wọ́n tilẹ̀ ti ń sọ ọ́ kiri pé ìyá náà ti rí ọmọge kan ní Mọ̀rọ̀ tí yóò mú wá bá ọmọ rẹ̀. Bí Ọlábísí bá wà lọ́dọ̀ ọkọ, ó ṣì ní ibi tí yóò fẹsẹ̀ tẹ̀. Bó bá wà nílé, wọ́n á gbé ìyàwó tuntun wọlé lójú rẹ̀, òun ni yóò sì bu omi fún un.

"Ó dáa," ni Adéyanjú wí nígbẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n ìlú ogun ni o. Obìnrin tó bá jókòó lásán níbẹ̀, ìrònú ni yóò pa á. Wáṣẹ́ tó dúró. Tí o ò bá rí, ọkọ̀ ojú omi tó bá kọ́kọ́ ń lọ sí Èkó ni n ó fi ọ́ sí."

Bí wọ́n ṣe dé Port Harcourt nìyẹn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó wọ ọdún 1969.

Ilé kan ní Diobu ni wọ́n fún wọn. Onílé ti sá lọ nígbà tí ogun wọ̀lú. Àwo oúnjẹ ṣì wà lórí tábìlì nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Bàtà ọmọdé kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ọlábísí gbálẹ̀, ó fọ àwo, ó ta aṣọ tirẹ̀ sí fèrèsé, ṣùgbọ́n kò lè gbé bàtà yẹn jù nù. Bó bá gbálẹ̀ débẹ̀, yóò gbé e sókè, yóò gbá abẹ́ rẹ̀, yóò sì dá a padà. Láràárọ̀ tó bá jí, yóò kí ilé náà pé ẹ káàárọ̀ o. Adéyanjú ní ta ló ń kí. Ó ní òun ò mọ̀.

Adéyanjú ló bá a ríṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Trans-Amadi, àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́, tó máa ń lọ ṣọ́, tí ọ̀gá ibẹ̀ ń pariwo pé òun ò rí òṣìṣẹ́. Akínfẹ́nwá ni wọ́n ń pe ọ̀gá náà, ọmọ Oǹdó, ó wọ awò tó nípọn bí ìdí ìgò. Òkè òkun ló ti kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́místírì. Ìjọba ló rán an wá kó jí ṣọ́ọ̀bù náà dìde.

"Ìyàwó Kọ́púrà," ó ní, "kí lo lè ṣe?"

"Mo lè mọ ìkòkò, Ọ̀gá."

Akínfẹ́nwá bú sẹ́rìn-ín. "Ìkòkò! Ó dáa, ìkòkò náà la ń ṣe níbí. Ó kàn jẹ́ pé iná ni wọ́n máa ń bù sínú tiwa ni."

Àwàdà kọ́ o. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni ẹnu iná. Ẹ mọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì lápá Okrika. Ààrò ńláńlá ló wà níbẹ̀, iná epo sì máa ń tú jáde sínú ààrò bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ihò roboto kan. Bí wọ́n bá fi irin ṣe ihò náà, á yọ́. Bí wọ́n bá fi amọ̀ bíi ti Ìpetumodù ṣe é, á là. Ẹnu iná tiwọn kì í yọ́, kì í sì í là.

Nínú dírọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé kan ní kọ̀rọ̀ ni oògùn rẹ̀ wà. Ó mọ́ gaara bí omi òjò, ó sì ń rùn bí ògógóró. Akínfẹ́nwá ní yanrìn ni.

"Ọ̀gá, yanrìn kẹ̀? Èyí tó ń ṣàn yìí?"

"Yanrìn ni. Wọ́n fi iná àti kẹ́míkà tú u palẹ̀, wọ́n wá so ọtí mọ́ ọn lára. Ọtí yẹn ni kò jẹ́ kó rántí pé òkúta lòun. Ọjọ́ tí a bá gba ọtí náà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò rántí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọlábísí lára bí òtútù. Kò mọ̀dí rẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn á lọ àpáàdì tó ti jóná dáadáa, á kúnná bí èlùbọ́. Ọlábísí á bu nǹkan inú dírọ́ọ̀mù náà lé e lórí, á pò ó títí yóò fi dà bí ògì. Ìgbà náà ni Akínfẹ́nwá á lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, á fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i, á kọ ẹ̀yìn sí wọn, á sì kán nǹkan láti inú ìgò dúdú kékeré kan sí i. "Ó yá, ẹ yára!" Wọ́n á dà á sínú mọ́ọ̀dù irin tó ń fún un ní ìrísí ẹnu iná. Kó tó pẹ́, á ti dì, á máa gbọ̀n bí ẹ̀kọ tútù. Wọn á yọ ọ́, wọn á ṣáná sí i, iná aláwọ̀ aró á sì bò ó láìrú èéfín. Ọtí ló ń lọ yẹn. Lẹ́yìn náà ló kan ààrò. Bó bá jáde, á funfun, á máa dún bí agogo bí èèyàn bá ta á léèékánná, gbogbo ara rẹ̀ á sì sán tín-ín-tìn-ìn-tín bí àwọ̀n apẹja. Akínfẹ́nwá ní àwọ̀n yẹn ni kì í jẹ́ kó là nínú iná, pé nǹkan tó bá ti sán tán, kí ni yóò tún sán?

"Ọ̀gá," Ọlábísí bi í lọ́jọ́ kan, "kí ló wà nínú ìgò yẹn gan-an?"

"Ìyẹn kì í ṣe tìẹ. Pò ó."

Ẹnìkẹta wọn níbẹ̀, Dagogo, tú itọ́ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ Okrika ni, àgbàlagbà ọkùnrin tó gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Èbúté Mẹ́ta fún ọdún gbọọrọ nígbà èwe rẹ̀, nítorí náà ó ń sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀ ni.

"Madam, fi sílẹ̀ jàre. Òyìnbó tó wà níbí before, òun náà, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí wa. Even Augustine, gbogbo ọdún tó fi ṣe iṣẹ́ yìí, na back he dey see."

"Ta ni Augustine?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Dagogo. "Ẹni tó ni àpótí tí o jókòó lé yẹn."

Láti ọjọ́ náà ni àpótí ò ti rọ Ọlábísí lọ́rùn mọ́.

Augustine ni ẹni tó ń po nǹkan náà kó tó di pé ogun wọ̀lú. Ọmọ Igbo ni, apá Orlu. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó, àpò rẹ̀ kan ti jóná. Gbogbo ẹnu iná tó ṣe ló tẹ àtàǹpàkò mọ́ nísàlẹ̀ kó tó dì, kí wọ́n lè mọ̀ pé iṣẹ́ tòun ni. Èyí kan tó bàjẹ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó jọ pé inú ló bí i lọ́jọ́ náà, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ló gbé lé e, ó sì di òkúta bẹ́ẹ̀, gbogbo ìlà ọwọ́ rẹ̀ pátá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọlábísí gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e. Ó bá a mu. Kò fi ìka kan gùn jù, kò fi ìka kan kúrú. Ó já ọwọ́ gbà bí ẹni tí akéekèe ta.

Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó ń họ, ó ń dán bí ìpẹ́ ẹja. Akínfẹ́nwá ní oògùn inú dírọ́ọ̀mù ló gbẹ mọ́ ọn lára, pé kó máa fi òróró pa á. Ó fi òróró pa á, kò lọ. Dagogo wo ọwọ́ náà, ó gbójú kúrò.

"Kí ló dé, Bọ̀dá Dagogo?"

"Nothing. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ Augustine náà rí."

Kò tán síbẹ̀ o. Dírọ́ọ̀mù náà ń kànkùn. Ní ìrọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, yóò dún láti kọ̀rọ̀ rẹ̀: gbìn. Á dákẹ́. Bí èèyàn bá ti gbàgbé, á tún dún: gbìn.

"Irin ni," Akínfẹ́nwá wí. "Oòrùn ló ń nà án lọ́sàn-án, bó bá ń tutù á sún kì. Ìwọ ọmọ amọ̀kòkò, ṣé ìkòkò kì í dún bó bá ń tutù ni?"

"Ó ń dún, Ọ̀gá. Ṣùgbọ́n kì í dúró dìgbà tí mo bá kẹ́yìn sí i."

"Ẹ̀rù ló ń bà ọ́."

"Ẹ̀rù ń bà mí, Ọ̀gá. N ò ní kò bà mí."

Bẹ́ẹ̀ náà, iṣẹ́ ń lọ. Ilé-iṣẹ́ epo fẹ́ tún ààrò wọn tanná, wọ́n sì ní kí Akínfẹ́nwá bá wọn ṣe ẹnu iná tuntun. Wàhálà ibẹ̀ ni pé dírọ́ọ̀mù kan yẹn ló kù, kò sì kún. Òmíràn ń bọ̀ láti òkè òkun, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí yóò dé. Akínfẹ́nwá pe Ọlábísí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Bí a bá ṣe èyí yanjú, ṣọ́ọ̀bù yìí ò ní kú mọ́, n ó sì sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ tó dúró. Ṣé o gbọ́?"

Ó gbọ́ o! Kò rìn délé lọ́jọ́ náà, sísá ló sá. Adéyanjú ń bọ́ bàtà lọ́wọ́ nígbà tó wọlé.

"Ó ní òun ó sọ mí di òṣìṣẹ́ tó dúró!"

"Kó sọ ọ́ dì í ná."

"Tó bá sọ mí dì í ńkọ́?"

Adéyanjú rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tó bá sọ ọ́ dì í, n ò ní dárúkọ ọkọ̀ ojú omi mọ́. N ó sì ránṣẹ́ sí ìyá mi pé kí wọ́n fi ọmọge Mọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù ú. Ó tẹ́ ọ lọ́rùn àbí kò tẹ́ ọ lọ́rùn?"

Ohun tó kù láàárín Ọlábísí àti ọmọge Mọ̀rọ̀ nìyẹn, dírọ́ọ̀mù tí ń kànkùn.

Ohun kan wà tó ti ń ṣàkíyèsí láti ìgbà tó ti débẹ̀. Dagogo kì í mumi nínú ṣọ́ọ̀bù. Oòrùn ì báà mú kó mú, ìta ni yóò jáde sí, lẹ́yìn ògiri, kó tó gbé ife sẹ́nu. Lọ́sàn-án kan tí òjò ká wọn mọ́lé, Akínfẹ́nwá ò sí níbẹ̀, Ọlábísí bu omi fún un. Ó mi orí.

"Bọ̀dá Dagogo, ààwẹ̀ lẹ̀ ń gbà ni? Àbí ẹ̀ ń bẹ̀rù pé mo ti fi oògùn ìfẹ́ sí i?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó na ìka sí dírọ́ọ̀mù náà. "N kì í mumi níwájú rẹ̀."

"Níwájú ta?"

Òjò ń lu páànù.

"Ọjọ́ tí ìbọn sún mọ́ tòsí, everybody sá lọ sí waterside. Èmi àti Augustine jọ jáde níbí ni. A ti dé ọ̀nà kí ó tó rántí pé òun ò dé ìdérí dírọ́ọ̀mù yìí pa. Mo ní, Augustine, leave am! Ó ní rárá, bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú rẹ̀ yóò bàjẹ́. Ó padà. For inside war, o. Ó padà wá dé dírọ́ọ̀mù."

"Ó tún wá bá yín?"

"Ó bá mi. Mo ti kó ìyá mi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sínú ọkọ̀ ojú omi, à ń lọ sí Okrika. Ọkọ̀ ti kún, omi ti dé etí rẹ̀. Augustine sáré dé, ó wọnú omi dé orúnkún. Kò ní kí n gbé òun o. Ó mọ̀ pé kò sáyè. Ó ní, 'Dagogo, nye m mmiri.' Ó ní kí n fún òun lómi. Igbá omi wà lọ́wọ́ mi, báyìí." Ó gbé ọwọ́ sókè, ó wò ó. "Mo rò ó pé tí mo bá na ọwọ́, yóò di ọkọ̀ mú. Mo fi àjẹ̀ ti ilẹ̀, a lọ. Kò pẹ́ tí a gbọ́ ìbọn."

"Ẹ rí òkú rẹ̀?"

"I no see am. Ṣé dandan ni kí n rí i?"

Ọlábísí gbé omi tó bù náà sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti wá yé e, ìkànkùn, ọwọ́ funfun, àpótí tí kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tí òùngbẹ gbẹ tó fi kú kì í lọ. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn kẹ́yìn láyé ni yóò máa kàn, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, títí wọ́n á fi fún un lómi. Ìyá ìyá rẹ̀ ṣe é fún ọdẹ kan tó ṣègbé sínú igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi tútù tí wọ́n po ẹfun mọ́ ni ìyá àgbà dà sínú akèrègbè tí ọdẹ náà fi sílẹ̀, ilé sì rọ̀. Kí sì ni ọwọ́ Augustine kàn kẹ́yìn? Ṣebí dírọ́ọ̀mù ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á á ní kí ló dé tí kò bẹ̀rù pé omi yóò ba nǹkan inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ rántí ibi tó ti wá. Láyé amọ̀kòkò, omi ló ń mú nǹkan rọ̀. Ìkòkò tó bá ń gbẹ jù, omi ni wọ́n ń fi ra á lára. Èyí tó bá wọ́, omi ni wọ́n ń fi tún un ṣe. Ní gbogbo ayé rẹ̀, kò rí i rí kí omi sọ nǹkan di òkúta. Ìgò dúdú Ọ̀gá ló ń ṣe ìyẹn, oògùn líle ló sì rò pé ó wà nínú ìgò náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Dagogo wà níta ó ń fọ garawa, Akínfẹ́nwá wà lẹ́nu géètì ó ń bá sójà tí ń ṣọ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọlábísí ti po ẹfun mọ́ omi sínú igbá kan láti ilé, ó fi aṣọ bò ó. Ó ṣí ìdérí. Òórùn ọtí gbá a lójú.

"Augustine," ó ní, "n ò mọ̀ ọ́ rí. N ò lé ọ. Ibi tí wọ́n ní kí n jókòó ni mo jókòó sí. Omi rẹ rèé. Mu ún, kí o sinmi. Má gba ọwọ́ mi lọ́wọ́ mi, òun ni mo fi ń jẹun."

Ó da igbá náà sí i, ó rò ó, ó dé e.

Ó dúró. Oòrùn wọ̀. Dírọ́ọ̀mù ò dún.

Ara rẹ̀ fúyẹ́ títí ó fi délé. Ní ọjọ́ Àìkú ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọrin tó bẹ́ẹ̀ tí Adéyanjú fi ń wò ó.

Ní Mọ́ńdè, Akínfẹ́nwá ló fúnra rẹ̀ ṣí ìdérí. Ó ti ìgbakọ bọ inú rẹ̀. Ìgbakọ ò wọlé. Ó tún tì í, ó dà bí ẹni pé ó gún ẹran. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò.

Gbogbo rẹ̀ ti dì. Ó dúró gaara nínú dírọ́ọ̀mù náà bí ojú ẹja tó ti kú, funfun díẹ̀díẹ̀ láàárín. Bí èèyàn bá fọwọ́ kan dírọ́ọ̀mù, á gbọ̀n.

Dagogo yọjú wò ó. "Na him," ó ní. "He don close am. Ó ti tì í pa."

"Ta ló tì í pa?" Akínfẹ́nwá yí padà sí i. "Ta ni 'him'? Ìwọ nìkan lo wà níbí pẹ̀lú wọn láti ìgbà Biafra! Ìwọ lo mọ ohun tí dírọ́ọ̀mù yìí jẹ́! Ta ló rán ọ?"

Sójà ẹnu géètì ti wọlé. Ọmọdékùnrin ni, Ṣàfíù ni wọ́n ń pè é, ó sì ti máa ń bá Dagogo tayò. Ṣùgbọ́n ó ti di ìbọn rẹ̀ mú.

"Ọ̀gá, wọ́n ba nǹkan ìjọba jẹ́ ni? Ṣé kí n mú un?"

Gbogbo ara ibẹ̀ mọ ohun tí "mú un" jẹ́ lọ́dún yẹn. Ẹni tí wọ́n bá mú pé ó ba iṣẹ́ ìjọba jẹ́, tó tún jẹ́ pé ó ń bá ọmọ Igbo ní nǹkan ṣe, àwọn èèyàn rẹ̀ á kàn máa béèrè rẹ̀ ni. Dagogo ò sì gbèjà ara rẹ̀. Ó kàn ń wo inú dírọ́ọ̀mù, ó ń sọ ọ́ léraléra pé, "Na me. Na my fault. Èmi ni mo fà á."

"Ó ti jẹ́wọ́," ni Ṣàfíù wí, ó sì dì í lápá.

Ọlábísí dúró, ó fọwọ́ bo ẹnu. Kò sẹ́ni tó wo ibi tó wà. Lójú inú rẹ̀, ó rí ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Èkó. Ó rí ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọmọge Mọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn. Bó bá dákẹ́, Akínfẹ́nwá á wá dírọ́ọ̀mù mìíràn lọ́jọ́ kan, òun Ọlábísí á sì wà níbẹ̀ láti pò ó. Dídákẹ́ náà ni gbogbo iṣẹ́ tó kù fún un láti ṣe. Ṣàfíù ti fa Dagogo dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Èmi ni, Ọ̀gá."

"Kí ni ìwọ?"

"Èmi ni mo da nǹkan sí i. Bọ̀dá Dagogo ò mọ̀ nípa rẹ̀."

Akínfẹ́nwá wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tó ń sọ. "Kí lo dà sí i?"

"Omi ni."

"Omi?"

"Omi àti ẹfun díẹ̀. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, Ọ̀gá. Augustine."

Ṣàfíù tú ọwọ́ lára Dagogo díẹ̀. "Ọ̀gá, ta wá ni kí n mú báyìí? Ẹni tó fúnni lómi ni àbí ẹni tó mu ún?"

Akínfẹ́nwá jókòó lórí àpótí Augustine, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ló jókòó lé. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn ún gbọ́. "Omi àti ẹfun. Ọlọ́run ò! Ohun tó wà nínú ìgò mi nìyẹn. Omi ni, pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú funfun kan tí òun àti ẹfun jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Omi ló ń gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kán díẹ̀ la ń fún un. Ìwọ gbé igbá lé e."

"Ẹ ò sọ fún wa, Ọ̀gá," Ọlábísí wí jẹ́jẹ́.

"N ò sọ fún yín," Akínfẹ́nwá dáhùn. Lẹ́yìn náà ó ní kí Ṣàfíù padà sẹ́nu géètì. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní kí Ọlábísí máa lọ sílé, kó má padà wá.

Adéyanjú ò bínú. Ìbá sàn kó bínú. Ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó gbọ́ ọ láti òkè délẹ̀, ó mi orí. "Obìnrin yìí, ó fún òkú lómi tán, ó wá fi òùngbẹ pa ara rẹ̀." Ó tú okùn bàtà rẹ̀. "O ò bá ti dákẹ́."

"Wọ́n ò bá ti pa á."

"Mo mọ̀. Mo kàn sọ ọ́ ni." Ọlọ́pàá ni, ó ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì kì í yí padà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ sí wọ́ọ̀fù lọ béèrè ọkọ̀ ojú omi.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ fẹ́ ṣí, Dagogo wá sí wọ́ọ̀fù. Ó gbé ẹja gbígbẹ tí wọ́n fi ewé wé fún Ọlábísí, fún oúnjẹ ojú ọ̀nà. Àwọn alábàárù ń kígbe, "Commot for road!" Adéyanjú ń bá àwọn ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹrù.

"Ilé-iṣẹ́ epo ti gba ẹnu iná níbòmíràn," ni Dagogo wí nígbẹ̀yìn. "Ọ̀gá ń padà sí Èkó. Èmi nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ kí n máa ṣọ́ ibẹ̀."

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Èmi àti òun." Ó wo omi. "Nǹkan inú dírọ́ọ̀mù yẹn ti ń gbẹ. Ó ti sún kúrò lára irin, ó ń sán. Bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, mo ń gbọ́ ọ, tín, tín, bí ẹni ń fọ́ eegun ẹja lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kò kànkùn mọ́. Láti ọjọ́ tí o fún un lómi."

"Ó ti sinmi nìyẹn, Bọ̀dá Dagogo."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Mo ní, thank God, ó ti lọ." Ó rọra sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ní àná mo bu omi, mo ní kí n mu ún nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ṣe tán kò sẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Mo gbé ife sẹ́nu. Ìyàwó, mo gbọ́ bí ẹnìkan ṣe gbé e mì lẹ́yìn mi. Ọ̀fun mi kọ́. Èmi ò tíì gbé e mì."

Ọlábísí di ẹja náà mọ́ àyà.

"Mo wá bi ọ́," Dagogo wí. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ́dọ̀ tiyín, bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ bá ti mumi, tí kò sì lọ, kí ni wọ́n tún máa ń fún un?"

Ọlábísí wá èsì. Ó ronú dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ó ronú dé ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀. "N ò mọ̀," ó ní. "Ọdẹ tí ìyá àgbà fún lómi, ó lọ. N ò mọ̀, Bọ̀dá Dagogo."

Adéyanjú pè é. Ó gun àkàsọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ti ń kúrò lẹ́bàá wọ́ọ̀fù, ó sáré lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé ọwọ́ sókè sí àwọn méjèèjì. Adéyanjú juwọ́. Dagogo ò juwọ́. Ó dúró létí omi, ó ti kẹ́yìn sí ọkọ̀, ó ń wò bóyá ẹnìkan tẹ̀lé òun wá.